Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin adájọ́ ìdíje ìtàn kékeré: ẹ má kọ́ àwọn ọmọ wa láti máa fi àpèjúwe kún ojú ìwé

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ jókòó ṣe ìdájọ́ ìdíje ìtàn kékeré àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì wa l'Ékìtì, mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá.

Tíṣà Yorùbá ni mí, Ìkọ̀lé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mi wà lára àwọn tó kọ ìtàn ránṣẹ́ sí yín, àmọ́ kì í ṣe torí pé wọn ò gba ẹ̀bùn ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí síta, ẹni tó bá wọ ìdíje ti mọ̀ pé òun lè má mú ipò kankan, ìyẹn ò bà mí nínú jẹ́ rárá. Ohun tó ń dùn mí ni ìwé òfin tẹ́ ẹ pín fún àwọn ilé ìwé, àti ohun tẹ́ ẹ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àwọn ọmọ nígbà tẹ́ ẹ dá a padà. Mo kọ́kọ́ kọ̀wé sí yín ní kọ̀rọ̀, mi ò rí èsì, ẹnì kan nínú yín tí mo pè lórí fóònù ní kí n jẹ́ ká fi sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn tó wà ní SS3 báyìí ò ní sí níbẹ̀ mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síbi tí gbogbo èèyàn á ti kà á.

Kí àwọn tí kò rí ìwé òfin náà lè mọ ohun tí à ń sọ: ẹ ní gbogbo ẹ̀dá ìtàn tó bá ti wọlé, ká mọ bó ṣe ga tó, ká mọ àwọ̀ ara ẹ̀, ká mọ aṣọ tó wọ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣàpèjúwe ibùdó ìtàn tán pátápátá kí ìṣẹ̀lẹ̀ kankan tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní oúnjẹ, iṣẹ́ àti àṣà tó bá jẹ́ tiwa, kí wọ́n ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ ní ìtàn tí kò bá gùn tó iye ojú ìwé tẹ́ ẹ dá, ẹ ò ní kà á. Ibi àpèjúwe lẹ wá kó máàkì tó pọ̀ jù sí. Nígbà tí ìwé padà dé, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lára èyí tó pọ̀ jù nínú wọn: "àpèjúwe kò tó."

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹni tí ojú ẹ̀ la fi ń wo ìtàn, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i lásìkò yẹn, àwọn ló ń sọ iye àpèjúwe tó yẹ. Ìwé òfin ò lè sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n tò ó fún yín ní kọ̀ọ̀kan.

1. Ọmọbìnrin kan ní SS2 kọ ìtàn nípa ilé kan tí ìyá ti ń ṣàìsàn. Kò sọ pé ìyá náà ga tàbí ó kúrú, kò sọ bóyá ó pupa tàbí ó dúdú. Ohun tó kọ ni pé tó bá di ìrọ̀lẹ́, odó á máa dún láti ilé dé ilé ládùúgbò, àmọ́ ní ilé tiwọn, odó wà ní ìdojúdé lẹ́yìn ilé ìdáná, àwọn adìyẹ ti sọ ìdí ẹ̀ di ibi tí wọ́n ń sùn. Ó tán, ó kọjá sí nǹkan míì.

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ Èkìtì wo ló wà nínú yín tí kò gbọ́ ohun tí ọmọ yẹn sọ? Níbi tó jẹ́ pé èèyàn á jẹ ìrẹsì yó tán kó tó ní òun ò tíì jẹun torí kò tíì rí iyán, ilé tí adìyẹ ti ń sùn lórí odó, nǹkan ti ṣe ilé yẹn ni, kò sì jẹ́ àná. Gbólóhùn kan yẹn sọ àìsàn, ó sọ bó ṣe pẹ́ tó, ó sọ pé kò sí àgbà míì nínú ilé tó lè bá wọn gún un, ó tún sọ ìtìjú torí gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ pé odó tiwọn ò dún. Ẹ wá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé: "A kò mọ bí ìyá náà ṣe rí. A kò mọ irú ilé tí wọ́n ń gbé. Ṣàlàyé bí a ṣe ń gún iyán."

Ta ni kó ṣàlàyé gígún iyán fún? Ọmọ tó ń sọ ìtàn yẹn, ọmọ ọdún 13 ni nínú ìtàn náà, ìgbà tó ti lójú ló ti ń rí odó, ìyá ẹ̀ wà lórí ẹní nínú yàrá, ẹ wá fẹ́ kó dúró kó máa ka bí wọ́n ṣe ń bẹ iṣu, bí wọ́n ṣe ń sè é, bí wọ́n ṣe ń gún un, ìgbà tí wọ́n ń ta omi sí i. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwa tí à ń kà á máa mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọmọ yẹn kọ́ ló ń sọ̀rọ̀ mọ́, tíṣà ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó wà ní Kano tàbí ní London tí kò rí odó rí, òun náà á mọ̀ pé nǹkan kan yẹ kó máa dún tí kò dún, torí ọmọ náà ti sọ pé ó ń dún nílé àwọn yòókù. Ẹ fọkàn tán ẹni tó ń kàwé. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú ẹ̀ á di odindi, ẹ̀yin àgbà náà lẹ fi òwe yẹn kọ́ wa.

2. Èyí ló dùn mí jù, mo sì bẹ̀ yín kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní January 2024, tí wọ́n jí àwọn ọmọ ilé ìwé àti àwọn tíṣà wọn gbé l'Émùré, tí wọ́n sì pa ọba 2 lọ́jọ́ kan náà l'Ékìtì wa níbí. February ni wọ́n tó rí àwọn ọmọ náà gbà padà. Kò sí ilé ìwé kan tí ẹ̀rù ò bà nígbà yẹn, àwọn òbí ń wá mú ọmọ nílé ìwé kí aago ìparí tó lù.

Ọmọkùnrin kan kọ ìtàn àròsọ, kò dárúkọ ìlú kankan, nípa ìyá kan tí wọ́n jí ọmọ ẹ̀ gbé. Ìyá yẹn ń fọ yúnífọ́ọ̀mù kejì tó kù nílé, á sá a, tó bá gbẹ tán á tún kó o sómi. Ó wá fọ̀ ọ́ lọ títí fóònù fi dún ní ibi tó so ó mọ́ létí ìró. Ọwọ́ ẹ̀ kún fún ọṣẹ. Ó ń tẹ ojú fóònù, fóònù ò gbà torí ìka tútù, ó nù ún mọ́ ìró, ìró náà ti tutù, ó nù ún mọ́ ara ògiri, fóònù ń dún lọ, ó ń ka iye ìgbà tó ti dún nínú ọkàn ẹ̀. Ọmọ yẹn lo odindi ojú ìwé kan lórí ìṣẹ́jú kan péré, kíláàsì dákẹ́ nígbà tó ń kà á sí wọn létí.

Ẹ ní: "Kò ṣàpèjúwe àwọn ajínigbé. Kò ṣàpèjúwe ìbọn ọwọ́ wọn. Kò sọ ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ náà nínú igbó."

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ìyá yẹn wà nílé, kò sí nínú igbó! Ohun tí ojú ẹ̀ ò tó, ìtàn ò gbọdọ̀ tó o, torí àìmọ̀ yẹn gan-an ni ìyà tó ń jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ tí ìtàn bá fò kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀ lọ sínú igbó láti lọ fi ìbọn hàn wá, ọkàn wa máa balẹ̀, torí a ti rí i, a ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé, òun nìkan ni kò mọ̀. Ọmọ ọdún 16 ló mọ èyí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ, ẹ wá gba máàkì lọ́wọ́ ẹ̀ torí ẹ̀.

Ó tún ku nǹkan kan níbẹ̀ tí mi ò lè fi pa mọ́. Àwọn ọmọ tí a jọ wà ní kíláàsì, òmíràn nínú wọn mọ ẹni tó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn èèyàn yẹn rí, òmíràn jẹ́ ẹbí wọn. Kí àgbàlagbà jókòó kó máa sọ fún ọmọ pé ẹ̀jẹ̀ inú ìtàn ẹ̀ ò tó, kó padà lọ bù sí i, ìyẹn ò dáa. Òǹkọ̀wé lómìnira láti kọ ẹ̀jẹ̀ tí ìtàn ẹ̀ bá fẹ́ ẹ, àmọ́ kò sí adájọ́ tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi máàkì rà á lọ́wọ́ ọmọ ilé ìwé.

3. Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé tíṣà Ìkọ̀lé ní kí àwọn ọmọ máa kọ ìtàn gbígbẹ. Ibi tí àlàyé ti yẹ kó pọ̀, kó pọ̀ ni o. Ìtàn kan tẹ́ ẹ gbóríyìn fún gan-an, tí wọ́n ka apá kan nínú ẹ̀ lọ́jọ́ ìpínfúnni ẹ̀bùn, ó dá lórí ọmọkùnrin kan tí bàbá ẹ̀ ní kó máa ṣọ́ kòkó. Owó ìdánwò ń lé ọmọ náà, bàbá rìnrìn àjò, ọmọ kó kòkó síta sá a kí ọjọ́ ẹ̀ tó pé, ó gbé e lọ fún oníkòkó tó ń rà á, oníkòkó fi ọ̀bẹ la á sí méjì, ó wo inú ẹ̀, ó dá a padà. Ìtàn tó dáa ni.

Àmọ́ ẹ wò ó. Ẹni tó bá ti ṣe oko kòkó mọ̀ pé tí wọ́n bá ti fọ́ kòkó tán, wọ́n á kó hóró tútù yẹn jọ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á bò ó, á wà bẹ́ẹ̀ fún bí ọjọ́ 5 sí 7, wọ́n á máa rò ó láàárín, inú òkìtì yẹn á máa gbóná débi tí ọwọ́ tí wọ́n bá kì bọ̀ ọ́ kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ooru yẹn ló ń sọ inú hóró di àwọ̀ ilẹ̀, òun ló ń mú kó ní òórùn tí wọ́n torí ẹ̀ ń rà á. Tí wọ́n bá yára sá a, inú ẹ̀ á jọ àwọ̀ síléètì tàbí kó rí bí elése àlùkò, ọ̀bẹ oníkòkó á sì tú àṣírí ẹ̀. Gbogbo ìtàn ọmọ yẹn orí ọ̀bẹ yẹn ló dúró lé! Ibẹ̀ ló yẹ kó ti ṣàlàyé, kó jẹ́ ká rí ọmọ náà tó ń ki ọwọ́ bọ abẹ́ ewé lọ́jọ́ kẹta tó gbọ́ ooru yẹn tó sì mọ̀ pé kò tíì tó, tó wá ṣí i. A à bá ti mọ ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ kí oníkòkó tó mú ọ̀bẹ jáde, ẹ̀rù à bá ti máa bà wá látìgbà tó ti gbé àpò lé ọ̀kadà.

Kí ló kọ? "Ó sá kòkó náà." Gbólóhùn kan. Ó wá kọ fìlà bàbá, bí bàbá ṣe ga, ilà ojú ẹ̀, eyín ẹ̀ tó funfun bí ẹfun, ó kọ ojú ọ̀run, ó ka gbogbo ìlú tó wà lójú ọ̀nà láti Ìkọ̀lé dé Adó, Ọ̀yẹ́, Ìfàkì, Ìwòrókò, kò sí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀ ní ìkankan nínú wọn. Mi ò bá ọmọ náà wí, òfin yín ló tẹ̀lé. Ẹ fún fìlà ní máàkì, ẹ ò ní òfin kankan tó béèrè ohun tó wà lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bàbá ò wá sílé títí ìtàn fi parí, kí la fẹ́ fi ilà ojú ẹ̀ ṣe?

4. Èyí kúrú. Tẹ́ ẹ bá fi dandan lé e pé kí ọmọ kó gbogbo nǹkan nípa ibùdó ìtàn síwájú, á kó èyí tí kò mọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú ìtàn tẹ́ ẹ fún lẹ́bùn bẹ̀rẹ̀ ní 1988, ó sì ní gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkìtì wá sí ìlú àwọn. 1 October 1996 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, abẹ́ Oǹdó la wà ní 1988. Nínú ìtàn kan náà ẹnì kan yọ fóònù lápò lójú ọ̀nà oko, 2001 ni GSM tó dé Nàìjíríà. Gómìnà yẹn ò ṣe nǹkan kan nínú ìtàn o, torí kí ojú ìwé lè kún ni wọ́n ṣe gbé e wọlé. Ẹni tó bá ti rí àṣìṣe méjì báyìí ò ní gba ìyókù gbọ́ mọ́, kódà èyí tó jẹ́ òótọ́. Ẹ̀yin adájọ́ sì kà á kọjá, torí pé ẹ̀ ń wò ó bóyá àpèjúwe wà níbẹ̀, ẹ ò wò ó bóyá ó rí bẹ́ẹ̀.

5. Ọ̀kan nínú yín sọ lórí pèpéle lọ́jọ́ ìpínfúnni ẹ̀bùn pé Yorùbá ló ni ọ̀rọ̀, pé ẹni tí kò bá ṣàpèjúwe dáadáa kò kọ Yorùbá. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi ò lè pa á mọ́ra, torí kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú àlọ́ tí ìyá wa àgbà pa fún wa, ta ló ṣàpèjúwe aṣọ Ìjàpá rí? "Ìjàpá àti Yánníbo ìyàwó rẹ̀", ó parí, ebi ti dé, ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Oríkì ni àpèjúwe ti pọ̀, ó sì yẹ kó pọ̀ níbẹ̀, torí iṣẹ́ oríkì ni láti to èèyàn jọ títí orí ẹ̀ á fi wú. Ìṣe kálukú yàtọ̀. Yorùbá kan náà ló ni méjèèjì, ẹ ò lè fi òfin oríkì dá ìtàn lẹ́jọ́.

Tẹ́ ẹ bá ní kí n fi ọmọ bíbí Èkìtì dá yín lóhùn, mo ní Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, agbẹ́gilére. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí i, Ìsẹ̀ ló gbé, ó gbẹ́ ìlẹ̀kùn àti òpó sí ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, ní nǹkan bí 1910 sí 1914. Ìlẹ̀kùn yẹn wà ní British Museum ní London báyìí, ọdún 1924 ló débẹ̀, òyìnbó aláṣẹ tó wá kí ọba ló wà lára ẹ̀, wọ́n gbé e wá, ọba jókòó ń dúró dè é. Ẹ sì wo òpó kan tó gbẹ́ sí ààfin náà, tó wà ní Chicago nísinsìnyí: ọba jókòó pẹ̀lú adé, olorì dúró lẹ́yìn ẹ̀, olorì ga ju ọba lọ gan-an, àwọn yòókù kéré nísàlẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀. Ṣé Ọlọ́wẹ̀ ò mọ bí èèyàn ṣe ga tó ni? Ó mọ̀. Ó ti pinnu ẹni tí iṣẹ́ yẹn dá lé lórí, ó fún un láyè, ó sì dín tàwọn yòókù kù. Kò gbẹ́ gbogbo ìjòyè Ìkẹ́rẹ́ mọ́ òpó kan kí ẹnikẹ́ni má bàa bínú. Lára ohun tó wá gbẹ́ yẹn, ilà ara àti irun dídì wà níbẹ̀ fínnífínní, kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Pípọ̀ àti dídín wà nínú iṣẹ́ kan náà, ọwọ́ kan náà ló ṣe é.

6. Ìyá àgbà inú ìtàn kan tó pe ilé ní "ulé", ẹ fi bírò pupa fà á. Ẹni tó ń ròyìn ìtàn kọ Yorùbá àjùmọ̀lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìyá àgbà nìkan ló ń sọ̀rọ̀ bí ará ilé wa, ẹ̀ẹ̀mejì péré sì ni. Láti ibẹ̀ la ti mọ ọjọ́ orí ẹ̀ àti ibi tó ti wá, láìsí àpèjúwe kankan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àpèjúwe kò tó lẹ tún fa èyí tó wà níbẹ̀ gan-an.

Ní báyìí, ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ yín:

Ẹ yọ àwọn òfin àpèjúwe yẹn kúrò kẹ́ ẹ tó pín ìwé tọdún tó ń bọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan rọ́pò ẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìbéèrè tí ọmọ á máa bi ara ẹ̀: ojú ta la fi ń wo èyí? Kí ló ń ṣe ẹni yẹn lọ́wọ́ báyìí, ṣé ó lè rí nǹkan yìí, ṣé ó ráyè rí i? Tí mo bá yọ ọ́, kí ni òǹkàwé ò ní mọ̀ mọ́ tó bá dé ibi tó le?

Ẹ yọ iye ojú ìwé tó kéré jù. Ìtàn odó yẹn ò gùn, ó sì pé.

Ẹ kọ̀wé sí ọmọkùnrin tó kọ ìtàn fóònù, ẹ sọ fún un pé ohun tẹ́ ẹ ní kó lọ fi kún un nípa ẹ̀jẹ̀ àti ìbọn, kó má fi kún un. Ó ti ń wá bó ṣe máa tún un kọ báyìí, mo sì ń dí i lọ́wọ́, àmọ́ ẹnu yín ló fẹ́ gbọ́ ọ, kì í ṣe tèmi.

Ẹ mú ẹni tó ń kọ ìtàn àròsọ fúnra ẹ̀ mọ́ra nínú ìgbìmọ̀ yín, ó kéré tán ẹnì kan. Kẹ́ ẹ sì máa ka ìtàn síta láàárín ara yín kẹ́ ẹ tó fi máàkì sí i, ibi tó bá ti sú ẹni tó ń gbọ́, ibẹ̀ ni àpèjúwe ti pọ̀ jù, ibi tó bá ti ní "dúró ná, kí ló ṣẹlẹ̀?", ibẹ̀ ni kò ti tó.

Lákòótán, ẹ tún àwọn ìtàn tọdún yìí kà láìwo ìwé òfin yẹn. Mi ò ní kẹ́ ẹ gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tẹ́ ẹ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé wọn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ tún kọ, torí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú nóòtù wọn, òun ni wọ́n ń kà.

Ẹ jọ̀ọ́, kí oṣù yìí tó parí. Àwọn ọmọ ti ń béèrè lọ́wọ́ mi pé báwo ni káwọn ṣe kọ tọdún tó ń bọ̀, mi ò sì lè sọ fún wọn pé kí wọ́n tẹ̀lé ìwé òfin yín bó ṣe wà yìí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Tíṣà Yorùbá kan,
Ìkọ̀lé-Èkìtì.